NCAA Football 14, College Football 25 àti College Football 26: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù bọ́ọ̀lù yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà (American football, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n sì ń jù) lónìí ní mẹ́ta tó yẹ kó gbé yẹ̀ wò, ilé iṣẹ́ EA Sports ló sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: NCAA Football 14 tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2013, College Football 25 tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024, àti College Football 26 tó tẹ̀lé e ní oṣù Keje ọdún 2025. Ẹjọ́ ló fa àlàfo ọdún mọ́kànlá tó wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ed O'Bannon, tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún yunifásítì UCLA rí, gbé NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2009 nítorí pé wọ́n ń fi ìrísí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pawó láìfún wọn ní kọ́bọ̀. EA dá iṣẹ́ dúró, nǹkan ò sì yí padà títí di ọdún 2021 tí NCAA gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gba owó lórí orúkọ ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí olùrà máa kọ́kọ́ rí ti wá. Nínú NCAA 14, kò sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan lẹ́yìn ẹ̀wù. Ẹ ó rí quarterback (agbábọ́ọ̀lù tó ń darí ìkọlù, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) yunifásítì Texas A&M tó wọ nọ́ńbà 2, tó ń sáré, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù bíi Johnny Manziel, quarterback wọn gidi nígbà náà, gan-an, síbẹ̀ géèmù náà kò ní dárúkọ rẹ̀ títí sáà á fi parí. Nínú 25, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 10,000 ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo orúkọ àti ìrísí àwọn, EA sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 600 dọ́là pẹ̀lú ẹ̀dà géèmù náà kan. Lójú tèmi, owó yẹn kéré, ṣùgbọ́n ó sàn fíìfíì ju òfo lọ.

Kí ẹ tó ronú lórí ohunkóhun mìíràn, ẹ wo irú ẹ̀rọ tó wà nílé yín. NCAA 14 kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn ju PS3 àti Xbox 360 lọ. Bí ẹ bá ki díìsìkì rẹ̀ bọ Xbox One tàbí Xbox Series X, kò ní ṣí. Àwọn méjì yòókù kò ṣiṣẹ́ àfi lórí PS5 àti Xbox Series X tàbí S. Ẹni tó ní PS4 nìkan kò rí ìkankan rà nínú wọn, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nìkan náà kò sì rí, nítorí EA kò ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà fún èyíkéyìí.

Ohun tí 25 fi kọ́kọ́ gba ọkàn mi ni ariwo pápá. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò ní Kyle Field, pápá ìṣeré Texas A&M tí EA fi sí ipò kìíní nínú àwọn pápá tó le jù fún àlejò nínú 25, tó sì wá di ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin tí ẹ ní láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, tí yáàdì méje ṣì kù, ojú amóhùnmáwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn ìlà tó ń tọ́ka ibi tí àwọn olùgbà bọ́ọ̀lù máa sáré gbà á sì máa lọ́ bí ejò, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ bá há sórí nìkan lẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé. Kò sí irú ìnira bẹ́ẹ̀ nínú 14. Bákan náà, 25 ń ka gbogbo ìkọlù tó bá kan ẹ̀yà ara agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹni tí ẹ bá ń gbé bọ́ọ̀lù fún ní gbogbo ìgbà á ti rẹ̀ kí sáà tó dé ìparí.

Síbẹ̀, Dynasty, apá tí ẹ ti ń darí ikọ̀ yunifásítì kan fún ọ̀pọ̀ sáà, ni ọkàn géèmù yìí, òun sì ni kí ẹ fi díwọ̀n owó yín. Ẹ̀yin ni akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, wàhálà tó pọ̀ jù kì í sì í ṣe ti ọjọ́ eré bí kò ṣe ti wíwá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n á wá gbá bọ́ọ̀lù fún yín. Nínú 25, ọmọ 35 lẹ lè kọ sórí pátákó àwọn tí ẹ ń lépa, wọ́n á sì fún yín ní iye wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti pín láàárín wọn: fífún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń gba wákàtí 5, bíbá ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ń gba 25, ẹ sì lè da 50 lé orí ọmọ kan ṣoṣo. Yunifásítì ńlá bí Alabama ní wákàtí rẹpẹtẹ. Ilé ìwé kékeré bíi Kent State kò ní tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lépa ọmọ oníràwọ̀ mẹ́ta (nínú márùn-ún tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ) kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ọmọ náà kò tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn lé. Bí sáà bá sì parí, agbábọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ kò bá dùn lè kó ẹrù lọ sí yunifásítì mìíràn. Dynasty ti wà nínú 14, ó sì dára, ṣùgbọ́n ènìyàn 12 péré ló lè jọ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ikọ̀ méjì péré ló sì ń du ife-ẹ̀yẹ lópin sáà. Nínú 25, ènìyàn 32 ló lè jọ wọ ọ́, ikọ̀ 12 sì ló ń wọ ìdíje àṣekágbá.

Ìbínú mi sí 25 kò kéré. Orúkọ àtọwọ́dá ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ń jẹ́. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé olùrà kò lè yan agbábọ́ọ̀lù pàtó sínú ìtò kan pàtó (ọ̀nà tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú), bẹ́ẹ̀ NCAA 14 ti fàyè gba èyí ní ọdún 2013. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń lo Xbox, tí ẹ̀yin sì ń lo PS5, ẹ kò lè jọ wà nínú Dynasty kan náà.

College Football 26 wo púpọ̀ nínú àrùn wọ̀nyí sàn. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi tó lé ní 300 wà nínú rẹ̀, Kirby Smart ti Georgia àti Ryan Day ti Ohio State wà lára wọn. Àǹfààní yíyan agbábọ́ọ̀lù sínú ìtò ti padà dé, ẹni tó ní PS5 àti ẹni tó ní Xbox ti lè jọ ṣe Dynasty, ikọ̀ sì ti kúrò ní 134, ó di 136, nítorí Delaware àti Missouri State wọlé. Orin tí Virginia Tech fi ń wọ pápá, tí àwọn alátìlẹ́yìn wọn wá tì nínú 25, náà ti wà níbẹ̀. Road to Glory, níbi tí ẹ ti ń tọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo dàgbà, sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ohun tí mi ò lè gbà nínú 26 ni owó àfikún. Dọ́là 69.99 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde, síbẹ̀ EA tún gbé àmì ìdàgbàsókè akọ́nimọ̀ọ́gbá sórí àtẹ nínú Dynasty, wọ́n sì tún ta ti agbábọ́ọ̀lù nínú Road to Glory. Ultimate Team, apá tí ẹ ti ń fi káàdì agbábọ́ọ̀lù kó ikọ̀ jọ, ti ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn láti ìgbà NCAA 14, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ mọ ohun tó wọ̀. Dynasty yàtọ̀: sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe é, àṣeyọrí rẹ̀ sì ní adùn nítorí pé ọdún pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ lé e. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yín á dàgbà bí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bí ẹ bá ní PS5 tàbí Xbox Series, tí Dynasty sì jẹ yín lọ́kàn, 26 ni kí ẹ rà. Bí owó kò bá tó, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ máa gbá a, àlòkù 25 tó yín. NCAA 14 wà fún ẹni tó ṣì ní PS3 tàbí Xbox 360. Ṣáájú kí 25 tó jáde, àlòkù rẹ̀ ń tà ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi san irú owó bẹ́ẹ̀ lé e mọ́. Bó bá jẹ́ pé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ lẹ fẹ́ máa gbá a, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, torí pé ẹni tó ra 25 kò lè bá ẹni tó ra 26 wọ pápá.