Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí hóró pòtásíọ̀mù?

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ìyá mi tọ̀ lemọ́lemọ́ ní Kétu ló ń kó pòtásíọ̀mù wọn lọ, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣan àti ọkàn ń lò. Iṣan ẹsẹ̀ ń fà wọ́n lóru. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbé pòtásíọ̀mù 3.1 mmol/L jáde, ó yẹ kó tó 3.5, ó kéré tán.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dùn, kò sì wọ́n. Ẹyọ kan ní bíi 400 mílígíráàmù pòtásíọ̀mù. Àmọ́ irú oògùn yẹn ń kó kílóráìdì, èròjà tó wà nínú iyọ̀, náà lọ, èyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Hóró pòtásíọ̀mù kílóráìdì ní méjèèjì, òun ni mo fara mọ́, bí dókítà bá kọ ọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára kò gbọdọ̀ dá a lò rárá: àpọ̀jù pòtásíọ̀mù lè dá ọkàn dúró.

Ẹ gbé hóró náà mì lódindi lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi ife kan, ẹ má sì dùbúlẹ̀. Bó bá há sọ́nà ọ̀fun, egbò ni. Ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mumi tán, wọ́n á wá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwọn.