Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi fóònù tirẹ̀ forúkọ kámẹ́rà yín sílẹ̀ ní Kétu

Ẹ̀yin ará Kétu, Ìlárá àti Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó kámẹ́rà fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń ta kámẹ́rà kéékèèké tó ń lo WiFi, òun náà ló ń bá èèyàn kàn án mọ́ ògiri. Kámẹ́rà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ o. Inú áàpù tí a fi ń wo kámẹ́rà lórí fóònù ni jìbìtì rẹ̀ wà.

Bó bá kàn án tán, fóònù tirẹ̀ ló máa fi ya àmì QR tó wà lára kámẹ́rà. Orúkọ rẹ̀ ni áàpù á gbà bí oníkámẹ́rà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá fi yín kún un bí àlejò. Ẹ óò rí àwòrán, ọkàn yín á balẹ̀. Òun náà sì ń wo ilé yín tọ̀sán-tòru. Nínú Smart Life, ọ̀kan lára àwọn áàpù kámẹ́rà, àti ọ̀pọ̀ áàpù tó jọ ọ́, kámẹ́rà kan kì í ní ju oníkámẹ́rà kan lọ. Àfi kí ẹni yẹn yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó lè gbà á. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, títẹ Reset nìkan kò tó. Ẹni tó ń ṣọ́ Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè ìlú, láyé àtijọ́ ló ń pinnu ẹni tó máa wọ Kétu. Ipò yẹn lẹ gbé fún ọlọ́jà yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta sìmẹ́ǹtì wà lára àwọn tó ṣe é fún. “Caméra 1”, “Caméra 2” ló kọ lé gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n mi ò sì mọ èyí tó ń wo ìsọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn ń fi àgbàlá tí a kò mọ̀ rí hàn, ọmọdé ń wẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló kó sínú “Maison” (ilé) kan ṣoṣo nínú áàpù, olúkúlùkù sì ń rí ilé ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Nígbà tí a ní kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí kámẹ́rà wa, ó ní ká kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ sí MoMo òun, ìyẹn àpò owó orí fóònù rẹ̀. A kọ̀, ó sì yọ wá kúrò nínú áàpù.

Torí náà, ẹ jẹ́ kó fi fóònù àti nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ kámẹ́rà kan kúrò lára iná, kí ẹ wo èyí tó máa kọ “hors ligne” (kò sí lórí ayélujára) nínú áàpù; òun ni. Ẹ tún wo nọ́ńbà ID rẹ̀ nínú áàpù, kó bá èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kámẹ́rà mu. Bí wọ́n bá ti ha ìwé yẹn kúrò, ẹ má rà á. Bí áàpù kò bá jẹ́ kí ẹ pín kámẹ́rà náà fún ọmọ yín, àlejò ni yín níbẹ̀.

Ẹ fi ibi tí kámẹ́rà wà sọ ọ́ lórúkọ: “Ẹnu géètì”, “Iwájú ìsọ̀”, “Ẹ̀yìnkùlé”. Bí fóònù bá dún lóru pé nǹkan mira, ẹ óò mọ ibi tí ẹ máa wò. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ “Ibi owó”, torí gbogbo ẹni tí ẹ bá pín in fún ló ń rí orúkọ yẹn.

Ẹni tó ti kó sí i, kó yọ ọ́ kúrò lára iná lónìí, kó sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà WiFi rẹ̀ padà. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, ìyẹn Code du numérique, dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Benin, APDP, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, sì ni a lè fẹjọ́ sùn. Ẹ tọ́jú àwòrán ojú fóònù yín àti ẹ̀rí MoMo.

Ọkùnrin náà ṣì wà nígboro. Bó bá dé ìsọ̀ yín, ẹ gbé fóònù tiyín fún un kí ẹ tó kówó sílẹ̀.