Ethtool, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ká mọ̀ pé wáyà ló ń dá wa dúró

Fídíò ìgbéyàwó là ń gé, là ń tò ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, orí sáfà kan ṣoṣo la sì ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà wa kì í gbé ju mẹ́gábáìtì 11 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn yòókù sì ń gbé ju 100 lọ. Ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa ní ká lọ ra háàdì dísíìkì tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ ethtool tí kò jẹ́ kówó yẹn ṣòfò.

Orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló ti ń ṣiṣẹ́. Lórí Ubuntu, tó jẹ́ oríṣi Linux kan, sudo apt install ethtool lẹ máa tẹ̀ sínú Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ip link kẹ́ ẹ lè mọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà yín ń pe ihò wáyà náà. Enp3s0 ni tèmi. Ẹ wá tẹ:

sudo ethtool enp3s0

Ọ̀rọ̀ tó máa jáde pọ̀, ó sì lè sú ẹni tí ò rí i rí. Ìlà Speed ni kẹ́ ẹ wá. 100Mb/s ló wà níbi tèmi. Bíìtì ni wọ́n fi kà á o, kì í ṣe báìtì: ẹ pín in sọ́nà 8, ó di mẹ́gábáìtì 12.5. Ibi tí 11 wa ti wá nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ rèé: Supported link modes ń sọ ohun tí ihò tiwa lè ṣe, Link partner advertised link modes ń sọ ohun tí swíìṣì (àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) tó wà lápá kejì gbà láti ṣe. 1000baseT/Full, ìyẹn 1000Mb/s, wà nínú méjèèjì. Ó wá ku wáyà nìkan. Okùn tín-ín-rín 8 ló wà nínú Cat5e, irú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. 100Mb/s kì í lò ju 4 lọ nínú wọn, àmọ́ gígábíìtì (1000Mb/s) ń fẹ́ kí gbogbo wọn pé. Bí ọ̀kan nínú 4 yòókù bá já, ọ̀pọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sọ̀ kalẹ̀ sí 100, iná ẹ̀ á ṣì máa ṣẹ́jú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo yọ orí wáyà náà, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: okùn aláwọ̀ búráùn kan ò dé ìdí irin inú ẹ̀ rárá. A gé e, a fi orí tuntun sí i, 1000Mb/s jáde.

Ẹ má retí pé kó wọn íntánẹ́ẹ̀tì yín. Eré tí ihò méjèèjì jọ fẹnu kò sí ló ń sọ, kì í ṣe iye dátà tó ń kọjá gan-an. Irinṣẹ́ mìíràn, iperf3, ló wà fún ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Windows, àṣẹ Get-NetAdapter nínú PowerShell, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ lórí Windows, á fi LinkSpeed hàn yín, ṣùgbọ́n kò ní í sọ ti swíìṣì fún yín.