Gíláàsì iwájú ọkọ̀ lábẹ́ adójútòfò comprehensive: àyẹ̀wò ohun tí a ń sanwó fún

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra adójútòfò comprehensive, èyí tó ń tún ọkọ̀ ẹni fúnra rẹ̀ ṣe, ní Nàìjíríà ló gbà pé bí gíláàsì iwájú bá fọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé tí mo ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ní gíláàsì nínú, wọ́n sì san nígbà tí mo béèrè ẹ̀tọ́ mi. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n lè san ní ààlà, ojú ìwé tí ààlà náà wà kì í ṣe èyí tí ènìyàn sábà máa ń kà, iye náà sì ti kéré jọjọ sí ohun tí wọ́n ń ta gíláàsì lọ́jà lónìí. Ní tèmi, ọjà tó dára ni, àmọ́ ẹni tó bá rà á láìbéèrè nípa gíláàsì kò tíì mọ ohun tó rà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ third party, adójútòfò tó ń san fún ohun tí ọkọ̀ wa bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Òun ni òfin sọ di dandan, òun náà sì ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lójú pópó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n sì gbé iye tí a lè fi tún dúkìá ẹlòmíràn ṣe dé ₦3,000,000. Dúkìá ẹlòmíràn ni, kì í ṣe tẹni. Bí ẹ bá kọlu ọkọ̀ ẹnìkan tí gíláàsì rẹ̀ sì fọ́, third party yín lè san án fún un. Bí ó bá jẹ́ tiyín ni òkúta fọ́, kọ́bọ̀ kan kò ní tibẹ̀ jáde. Àwọn kan a máa sọ pé kí third party ọkọ̀ tó ta òkúta náà san án. Bí típà tí kò fi tapólì bo ẹrù rẹ̀ bá da òkúta lé yín lórí, ẹjọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹ bá lè ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó sá lọ, tí ẹ sì lè fi hàn pé awakọ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ti òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà kàn gbé sókè lójú títì yàtọ̀, nítorí ó ṣòro láti rí ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Comprehensive ló ń tún ọkọ̀ ẹni fúnra rẹ̀ ṣe. Láti ọdún 2023 náà ni NAICOM ti pàṣẹ pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a dá lé ọkọ̀ náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tó ₦6,000,000 yóò san ₦300,000 lọ́dún, ó kéré tán. Owó gidi nìyẹn. Síbẹ̀, nínú ìwé tèmi, gíláàsì kò sí lára àwọn ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìwé ló wà, láàárín àwọn ààlà àti àfikún, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ pé wọn yóò san owó gíláàsì tó bá ṣèèṣì fọ́ títí dé iye kan pàtó, láìka iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ìṣirò nìyí. Ká sọ pé ₦100,000 ni ààlà yẹn, tí gíláàsì àti owó iṣẹ́ sì jẹ́ ₦180,000. Ká tún sọ pé ìwé náà ní excess ₦20,000, èyíinì ni iye tí ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀ nígbàkígbà tó bá béèrè ẹ̀tọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá yọ excess náà kúrò lára àpapọ̀ àdánù kí wọ́n tó wo ààlà, ₦160,000 ló kù, ó ṣì ju ààlà lọ, wọn yóò sì san ₦100,000 pé. Bí ó bá jẹ́ ara ààlà ni wọ́n ti yọ ọ́, ₦80,000 ni ẹ ó gbà. Ọ̀nà méjèèjì lè bá ohun tó wà nínú ìwé mu, bí wọ́n bá kọ ìwé náà láìla ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ aṣojú wọn nìyí báyìí, mo sì máa ń ní kí wọ́n fi ímeèlì dá mi lóhùn.

Ẹ̀dínwó tún wà, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí kò béèrè ohunkóhun láàárín ọdún. Bí ẹ̀dínwó yẹn bá jẹ́ ₦35,000 fún yín, tí iye tí ẹ fẹ́ gbà lórí gíláàsì kò sì ju ₦30,000 lọ, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Ẹ ṣe àtúnṣe náà fúnra yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dínwó náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní ìlú Ọba kì í tètè lóye ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bi mí pé, ṣebí kí n kàn pe àwọn oní-gíláàsì ni. Lọ́dọ̀ wọn, abala ọ̀tọ̀ ni gíláàsì sábà máa ń jẹ́ nínú ìwé comprehensive, ó ní excess tirẹ̀, kì í sì í sábà pa ẹ̀dínwó lára. Àtúnṣe ojú kékeré tí òkúta dá sí gíláàsì kì í wọ́n tó pípààrọ̀ odindi, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kò tilẹ̀ ń gbowó fún un. Àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT náà ń lé wọn láti tètè wá àtúnṣe, nítorí pé àbàwọ́n tó bá ju mìlímítà 10 lọ níwájú awakọ̀ gan-an, tàbí tó ju mìlímítà 40 lọ níbi yòókù tí wáípà ń dé, yóò mú kí ọkọ̀ já kulẹ̀. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi dára, ibi tó ń gbé ló bá mu.

Àtúnṣe yẹn ṣeé ṣe níhìn-ín náà, bí a bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Gíláàsì iwájú jẹ́ ìpele gíláàsì méjì tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀ láàárín, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́. Bí òkúta bá ti lu ìpele òde nìkan, wọ́n lè fa afẹ́fẹ́ inú ojú náà jáde, kí wọ́n fi oje kan tó mọ́ gaara kún un, kí wọ́n sì fi iná aláwọ̀ àlùkò gan án. Àmì rẹ̀ kì í pòórá tán, ṣùgbọ́n kò ní là síwájú mọ́. Ó gbọ́dọ̀ yá, kí ẹrẹ̀ àti omi tó wọnú rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí wọ́n bá ti fọ́, pípààrọ̀ ló kù.

Tèmi là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lẹ́yìn tí òkúta bà á lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Ògèrè. Ohun tó bí mi nínú jù nínú bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é ni pé wọ́n ní kí n lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá nítorí òkúta tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí mo ní kí wọ́n fi ibi tí ìwé wọn ti béèrè bẹ́ẹ̀ hàn mí, wọ́n sọ pé fọ́tò àti ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ náà ti tó. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ falẹ̀ láìnídìí lè kọ̀wé sí NAICOM, tó ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni mo gbóríyìn fún. Ibi iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lọ kò fi túnáfíìsì yọ gíláàsì. Wọ́n tú wáípà àti ike abẹ́ rẹ̀, wọ́n ki wáyà tín-ín-rín bọ inú gọ́ọ̀mù àtijọ́, ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀, èkejì dúró síta, wọ́n sì ń fà á síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi títí gbogbo rẹ̀ fi já. Wọ́n fi ìpele gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lórí irin, wọ́n fi oògùn dúdú kun ojú irin tó ti họ kí ó má baà dípẹtà, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n ń pè ní polyurethane yí i po. Wọ́n ní kí n má gbé ọkọ̀ náà títí gọ́ọ̀mù yóò fi gan, kí n sì sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan kalẹ̀ díẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀kùn tí a bá pa gbàgà lè ti gíláàsì tuntun kúrò níbi tó wà. Àwọn tó ń fi sílíkọ́ọ̀nù lásán ṣe é lẹ́bàá títì kò wọ́n, ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ọkọ̀ dúró bí ọkọ̀ bá dojú dé, airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tó jókòó níwájú, sì sábà máa ń fẹ̀yìn tì í nígbà tó bá tú jáde.

Ohun kan tí ìwé mi kò mẹ́nu kàn ni kámẹ́rà. Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 2017 ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì yìí, òun ló ń wo ìlà ojú títì tó sì ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Bí a bá pààrọ̀ gíláàsì, ó yẹ kí a tún kámẹ́rà náà tò, owó ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Èmi kò ní in lórí ọkọ̀ tèmi. Ẹni tó bá ní in kó béèrè bóyá ààlà gíláàsì ló máa gbé e, tàbí abala yòókù nínú ìwé náà.

Mo tún ìwé náà rà lọ́dún tó tẹ̀lé e lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n gbà láti gbé ààlà gíláàsì sókè. Wọ́n fi owó díẹ̀ kún un, wọ́n sì kọ iye tuntun náà sínú ìwé àfikún tí wọ́n fọwọ́ sí. Dígí ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn olè ń yọ lójú go-slow, kò sí lára rẹ̀.