Jilẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tà ní Ouando: ṣé ó tó gbẹ́kẹ̀ lé lójú títì?

Jilẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn aṣọ àwọ̀lékè aláìlápá tó ní ìlà fàdákà lára, ti wọ́pọ̀ ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. 2,000 sẹ́fà ni mo ra tèmi tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì ra tàwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ní ìdájí. Ó fúyẹ́, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tètè ń tú.

Àwọ̀ ìyeyè yẹn wúlò lójú ọ̀sán àti nígbà tí ọyẹ́ bá bo títì, nítorí pé ó ń gba ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò lè rí, ó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ìlà fàdákà nìkan ló kù. Èérún dígí wínníwínní inú rẹ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá, gẹ́gẹ́ bí ojú ológbò ti ń ṣe lóru. Ibí yìí gan-an ni kí ẹni tó fẹ́ rà á ti ṣọ́ra, nítorí pé rọ́bà tí wọ́n kàn kùn ní àwọ̀ eérú wà láàárín èyí tó dára. Ẹ gbé e kọ́ síbi tó ṣókùnkùn, ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́bàá ojú yín, kí ẹ sì tan án sí i: ojúlówó yóò funfun báláú. Ọ̀kan nínú èyí tí mo rà kò tàn rárá. Ẹni tó tà á fún mi pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Wọ́n tẹ EN ISO 20471, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún aṣọ tó ń jẹ́ kí a tètè rí ènìyàn, sára tèmi, bẹ́ẹ̀ ìlànà yẹn ní kí ìlà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, tèmi kò sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò gba ohun tí wọ́n tẹ̀ yẹn gbọ́.

Ojú ìsọdá ni àbùkù rẹ̀ ti hàn jù. Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kí awakọ̀ rí wa látòkèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ìlà fàdákà kò lè dá ìmọ́lẹ̀ tí kò kàn án padà: ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà ní oríta kò tíì kọjú iná sí wa, ọ̀kadà tí iná rẹ̀ kú kò sì ní rí nǹkan kan. Báàgì ìwé ń bo ẹ̀yìn àwọn ọmọ pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá tó pọn ọmọ. Mo rán ìlà fàdákà mọ́ báàgì wọn àti mọ́ ẹnu ṣòkòtò mi, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń jẹ́ kí awakọ̀ tètè mọ̀ pé ènìyàn ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló ń kú lójú títì lọ́dọọdún, àti pé ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti ọlọ́kadà ló ju ìdajì wọn lọ. Ó ń dùn mí pé ọmọdé ni à ń ní kí ó wọ aṣọ títàn, nígbà tí awakọ̀ kò dín eré kù níbi tí ìlà funfun ojú ìsọdá ti parẹ́.

Síbẹ̀, ẹ rà á. Ẹ má fi ọwọ́ líle fọ̀ ọ́, kí ìlà rẹ̀ má baà bó. Bí wọ́n bá pè é ní 4,000, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ san án. Kí ó san 2,000, kí ó sì fi èyí tó kù ra iná pupa fún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.