nfs4-acl-tools: irinṣẹ́ tó dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ACL yín gùn jù

Ẹni tó bá ti gbìyànjú setfacl, kọ́máǹdì tó ń kọ ACL (àkọsílẹ̀ ẹni tó láṣẹ lórí fáìlì àti irú àṣẹ tó ní), lórí fódà NFSv4, ìyẹn fódà sáfà tí ẹ ń lò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mọ èsì tó máa ń mú wá: "Operation not supported". getfacl náà kò ní fi nǹkan kan hàn yín ju rwx lásán lọ. Torí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe kọ nfs4-acl-tools ní Yunifásítì Michigan. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí Debian àti Ubuntu, apt install nfs4-acl-tools ti parí ẹ̀. Dnf ni ti Fedora. nfs4_getfacl ló ń ka àṣẹ, nfs4_setfacl ló ń kọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí gúrúùpù kan máa ka fódà kan àtohun gbogbo tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sínú ẹ̀, kọ́máǹdì rẹ̀ nìyí:

nfs4_setfacl -a A:fdg:iroyin@ile.example:RX /mnt/ise

A túmọ̀ sí pé a yọ̀ǹda. Lẹ́tà f àti d ni pé kí fáìlì àti fódà tuntun jogún ẹ̀. Lẹ́tà g sọ pé orúkọ gúrúùpù lèyí. RX ni àṣẹ láti kà á àti láti wọlé sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi --test sí i. Á fi àbájáde hàn yín láì fọwọ́ kan fáìlì, ìwà yìí ló sì mú kí irinṣẹ́ náà tẹ́ni lọ́rùn jù. Bí orúkọ bá ń yọ ní nobody, ẹ yẹ Domain wò nínú /etc/idmapd.conf: ó gbọ́dọ̀ bára mu lórí sáfà àti lórí ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì ló yẹ kí a dúró lé lórí. Bí ACL bá ń rin orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 16 kí orúkọ tó dé: irú rẹ̀, àsíá rẹ̀, àṣẹ tó gbé, àti gígùn orúkọ, báìtì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wá tẹ̀ lé e, a ó sì fi òfo kún un títí á fi ṣeé fi 4 pín. Orúkọ tó ní lẹ́tà 19 á gba 20, ìlà náà á wá jẹ́ báìtì 36. Kẹ́nẹ̀lì (ọkàn ètò) Linux lórí ẹ̀rọ tó so mọ́ sáfà máa ń pa ACL mọ́ sínú mẹ́mọ́rì bí kò bá ju ojú-ewé kan lọ, ìyẹn báìtì 4096 lórí x86. Bó bá lé, gígùn rẹ̀ nìkan ló ń pa mọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ kà á, ó di dandan kó padà lọ bá sáfà. Pẹ̀lú orúkọ tó gùn báyẹn, ìlà 113 lòpin. Lábẹ́ sec=sys, ìyẹn ìdánimọ̀ tí sáfà ń gba nọ́ńbà olùmúlò gbọ́, nọ́ńbà lásán ni Linux sábà máa ń lò dípò orúkọ; èyí tó bá jẹ́ dígíìtì 4 ń gba báìtì 20 péré ní ìlà kan, ààlà náà á sì tó 203.

Ẹ má rò pé 113 jìnnà. ext4 àti XFS, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì, kò mọ ACL ti NFSv4, ti POSIX (irú ACL mìíràn tó rọrùn jù) ni wọ́n ń tọ́jú; nfsd, ètò sáfà NFS ti Linux, ló ń túmọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá béèrè ACL, nfsd á ya àyè méjì sọ́tọ̀ fún ìlà POSIX kọ̀ọ̀kan, torí ìlà kan lè di ìkọ̀ àti ìyọ̀ǹda. Bí fódà bá ní default ACL, èyí tí ohun tuntun inú ẹ̀ máa jogún, á tún ya méjì-méjì fún ìyẹn. Orúkọ 60 pẹ̀lú àwọn ìlà mẹ́rin tó jẹ́ dandan jẹ́ 64. Àyè 128 nìyẹn, default á sọ ọ́ di 256. Kódà bí kò bá sí ìkọ̀ kankan nínú ẹ̀, ìyọ̀ǹda orúkọ 60 yẹn lẹ́ẹ̀mejì ti di ìlà 120. Ó ti fo ààlà.

Lórí ext4, wàhálà mìíràn tún wà: ACL kò lè tóbi ju búlọ́ọ̀kù kan lọ, àyàfi bí ẹ bá ti tan ea_inode, àfikún tó ń gba ACL tó tóbi láyè. Bó bá kún, "No space left on device" ni ẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ df á sọ pé àyè pọ̀ lórí dísìkì. Ọ̀pọ̀ ló ti wá ẹ̀bi yìí síbi tí kò sí.

Ẹni tó ṣì wà lórí kẹ́nẹ̀lì tó ṣáájú 2.6.38 ní láti kúrò níbẹ̀. Nínú ẹ̀, mẹ́mọ́rì tí kẹ́nẹ̀lì yà sọ́tọ̀ fún kíkọ ACL kì í kúrò bó ṣe yẹ, olùmúlò lásán sì lè fi bẹ́ẹ̀ da ẹ̀rọ dúró. CVE-2011-1090 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún àléébù ààbò yìí.

Fún ọ́fíìsì tó ń fi gúrúùpù ṣiṣẹ́, a gba irinṣẹ́ yìí wọlé láìjanpata: gúrúùpù márùn-ún nínú ACL sàn ju orúkọ ọgọ́ta lọ, getent group á sì sọ ẹni tó wà nínú wọn fún yín. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìlà D, ìyẹn ìkọ̀, kó má gbára lé sáfà Linux, torí ohun tó kọ àti ohun tó máa kà padà lè má bára mu lẹ́yìn ìtumọ̀. Kó lo FreeBSD pẹ̀lú ZFS, tó ń tọ́jú ACL ti NFSv4 bó ṣe wà gan-an.