Mo fi Bulk Crap Uninstaller kó ẹrù kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé wa

Tí mo bá tan kọ̀ǹpútà ilé wa láàárọ̀, mo máa ń ráyè po ògì, mo máa ń ráyè pe Tómi kó wá mu ún, mo sì tún máa ń ráyè bá a jà lórí ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ sódì, kí ẹ̀rọ náà tó lajú. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Mo fi aago fóònù wọ̀n ọ́n ní Sátidé kan: ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kọjá kí Word tó gbà mí láyè láti tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Tí iná bá wá lọ láàárín kan, batiri rẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú 20 mọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo ni.

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà. A rà á ní Òtígbà, ní Ìkẹjà, lọ́dún 2020: RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́) 4GB, Windows 10, hard disk 500GB irú èyí tó ń yí lọ́hùn-ún tí ẹ ó máa gbọ́ ìró rẹ̀. Olùkọ́ ni mí, òun ni mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Àwọn ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, Bàbá Tómi náà sì ń fi ṣe ohun tó ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí mo gbé e lọ bá níbí ní Ìbàdàn kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní, "Ogbó ti dé sí i, Mà. Ẹ jẹ́ n bá yín wá òmíràn." Ó fi kún un pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, àti pé processor tèmi kò lè gbé Windows 11. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ti ń wọ́ bí ìgbín tipẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé, kì í ṣe ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Mo gbé ẹrù mi, mo wọ Micra padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester pè lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ kó sórí rẹ̀ ná." Òun ló júwe Bulk Crap Uninstaller fún mi, áàpù tó ń yọ àwọn áàpù míì kúrò lórí Windows. Mi ò ní túmọ̀ orúkọ yẹn, torí àwọn ọmọdé lè máa kà á. Ọ̀fẹ́ ni, kódù rẹ̀ sì wà ní gbangba lórí GitHub fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Irú rẹ̀ kan wà tí a kì í fi sórí ẹ̀rọ rárá. Inú flash ni mo ti ṣí i. Èyí ló kọ́kọ́ wù mí. Ta ló ń ra àpótí tuntun nítorí àtikó ẹrù dànù?

Ó wá inú ẹ̀rọ kiri fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó wá to áàpù 94 síwájú mi. Àkójọ tí Windows fúnra rẹ̀ máa ń fi hàn kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tún hú àwọn tí a rò pé a ti yọ tẹ́lẹ̀ jáde, tí wọ́n ṣì fìdí kalẹ̀ sínú fódà kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka ìtàn ìdílé wa. Áàpù printer wà níbẹ̀, printer tí a ti tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri. Browser mẹ́rin. VPN ọ̀fẹ́ méjì, ìyẹn áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń sọ PDF di Word, mẹ́ta, Bàbá Tómi ló ni gbogbo wọn. Géèmù ọkọ̀ kan tí Tómi búra pé òun ò mọ bó ṣe débẹ̀. Áàpù kan láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ń kí ni káàbọ̀ lédè Jámánì. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ló ṣì ń kí látọjọ́ yìí. Antivirus sì jẹ́ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fojú inú wo ọlọ́dẹ mẹ́ta lẹ́nu géètì kan, tí kálukú wọn fẹ́ tú báàgì yín kẹ́ ẹ tó wọlé.

Bàbá Tómi ní kí n má fọwọ́ kan VPN òun. Mo bi í pé ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn. Ó ní ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀.

Ohun tó dáa jù nínú áàpù yìí ni pé ẹ lè fi àmì sí ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ ní kó máa yọ wọ́n láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Mo mú 31. Kí n tó ṣa ẹ̀wà alẹ́ tán, 22 ti lọ. Àwọn tó kù ni wọ́n ní àfi kí àwọn bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn antivirus yẹn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, fi pupa ya gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà mi máa wà nínú ewu. Bọ́tìnnì tó ní kó dúró jẹ́ àwọ̀ ewé, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó ní kó lọ jẹ́ lẹ́tà eérú tín-ín-rín nísàlẹ̀ pátápátá. Mo tẹ èyí. Ó ní kí ló dé. Mo sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ fún mi ní ọjọ́ 60 lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gbé bọ́tìnnì méjèèjì pààrọ̀ àyè, bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ní kó dúró nìyẹn. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, àfìgbà tí mo lọ gba irinṣẹ́ ìyọkúrò tí àwọn tó ni ín ṣe fúnra wọn kó tó lọ tán.

Tí ìyọkúrò bá parí, yóò wá àwọn fódà àti àṣẹ́kù inú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò àwọn áàpù sí, yóò sì sọ bó ṣe dá a lójú tó pé àṣẹ́kù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́. Èyí tó dá a lójú dáadáa nìkan ni mo jẹ́ kó pa rẹ́.

Àṣìṣe kan wà, èmi ni mo ṣe é. Mo rí orúkọ kan tó dún bí oògùn etí, mo fi àmì sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ padà tàn, ìka méjì kò lè yí ojú ìwé sókè sílẹ̀ mọ́. Touchpad ló ni nǹkan náà. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi tó ti ní kí n tan System Protection, ohun tó ń jẹ́ kí Windows lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí pípa ló wà lórí ẹ̀rọ tèmi. Áàpù náà ti bi mí bóyá kó ṣe restore point, ìyẹn àmì ibi tí ẹ̀rọ lè padà sí, mo sì gbà. Òun ni mo fi dá a padà. Ẹ tún máa rí Microsoft Visual C++ Redistributable tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, 2005, 2008, 2010, títí dé 2022. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àdàkọ ara wọn. Àwọn áàpù míì ló fẹ̀yìn tì wọ́n.

Kí n má purọ́, bóyá ìdajì àǹfààní tí mo rí ni kò ti ara yíyọ wá. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, kẹ́ ẹ lọ sí Startup. Nǹkan 17 ló ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ wa láàárọ̀. Mo dá 12 dúró. Iṣẹ́ yìí kò gba dátà, kò sì gba áàpù kankan.

Mo tún wọ̀n ọ́n: ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25. RAM tó ń jẹ níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan já láti 81% sí 54%. Àyè 27GB ṣí sílẹ̀. Àmọ́ tí àwọn ọmọ bá ṣí ojú ìwé mẹ́wàá nínú browser, ó ṣì máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, torí 4GB kò di 8GB.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fi áàpù tó ń fọ registry kún un. Mi ò fi í. Microsoft gan-an kì í ti irú wọn lẹ́yìn. CCleaner tí gbogbo ayé mọ̀ pàápàá, lọ́dún 2017 àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì dọ́gbọ́n ki kòkòrò bọ inú ẹ̀dà 5.33 rẹ̀, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù méjì kí wọ́n tó rí i.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún Bulk Crap Uninstaller. Mo yọ ọ̀kan torí pé ohun tó wà lójú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, mi ò lè fà á lé màmá mi lọ́wọ́. Ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà tí mo fẹ́ fi kún owó kọ̀ǹpútà míì ṣì wà lápò. SSD, disk tí kì í yí tó sì yára ju tèmi lọ, ni yóò bá lọ. VPN Bàbá Tómi ṣì wà níbẹ̀.